Ọ̀bẹ Kan Náà Kọ́ Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Fi Gé Tèmi!

Ó ti sú mi o! Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ilé oúnjẹ tí oníkálukú ti ń mú písà fúnra rẹ̀, wọ́n á ní èyí tí kò ní gluten, ìyẹn èròjà purotéènì tó wà nínú àlìkámà, wà. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ti àlìkámà, tí èérún ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, ni wọ́n á tún fi gé tèmi. Mo bá ní kí wọ́n ṣe òmíràn, wọ́n á ní, "Díẹ̀ náà ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Ta ló sọ fún yín? Ẹni tó bá ní àìsàn celiac, ìyẹn àìsàn tí ara kì í fi í gba gluten, èérún bíńtín ti tó láti ṣe ìfun rẹ̀ léṣe! Iná ààrò gan-an ò lè pa gluten. Ẹ fọ ọ̀bẹ, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ gbé tiwa wá láti kíṣìnì tààrà!