Ti Ọrùn Rẹ̀ Là Á Wò

Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹni tó ń ṣèlérí ohun tí kò ní la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtọrẹ àánú, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ kí owó rẹ̀ lè dé ọwọ́ aláìní, ní ìgboro ìlú wa, ìlú kékeré tí olówó pọ̀ sí létí odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà dún létí mi. Aṣọ tó wà lọ́rùn àwọn aládùúgbò wa dára. Ṣé irú rẹ̀ ló wà nínú àpò tí wọ́n ń gbé wá?

Ní Sátidé, mo máa ń lọ bá wọn ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn láìgba kọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú àpò méjì. Súwẹ́tà cashmere ló wà nínú èkíní, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ká a, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Nínú èkejì, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, bàtà tó ti lanu, àti táwẹ̀lì tí irun ajá kún. Mọ́tò olówó ńlá ló gbé e wá. Ó dùn mí gan-an, torí owó tó yẹ kó dé ọwọ́ aláìní ni a ó fi kó ìdọ̀tí náà dànù.

Màmá kan wà níbẹ̀, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá kó àwòrán jigsaw wá, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á tò ó ní ègé kọ̀ọ̀kan títí tí 500 á fi pé, kí wọ́n tó jẹ́ kí a gbé e síta. Ìyẹn ni kí á dáṣọ fún ni.

Àwọn kan ń kùn pé irú ṣọ́ọ̀bù yìí ń fi ojú ìlú wọ́lẹ̀. Wọ́n ṣìnà. Oxfam, àjọ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942, nígbà tí ebi ń pa àwọn ará Gíríìsì lójú ogun, ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Broad Street ní Oxford ní 1947. Iyì Oxford kò dín. Ẹ̀yin ará ilé náà tí ẹ ń tijú láti wọlé rajà, ẹ rántí òkìríkà tó bò wá láṣìírí nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Kí ẹ tó so àpò yín, ẹ yẹ aṣọ kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ sílé ọ̀rẹ́? Bí ẹ bá ń san owó orí, ẹ fọwọ́ sí ìwé Gift Aid. Ìjọba á fi 25 pence kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà nínú ẹrù yín. Èyí tí kò bá tà, oníṣòwò á rà á ní kílò, á dì í, òmíràn á sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Áfíríkà. Ní Katangowa, ọjà òkìríkà l'Ékòó, obìnrin kan á fi owó àjọ ra ìdì kan láìrí inú rẹ̀. Ó dìgbà tó bá gé okùn rẹ̀ kó tó mọ ohun tí a dì sí i.