Owó nìkan kọ́ ló ń mú Javelin jáde

Ní Sátidé tó kọjá, níbi tí mo ti lọ gẹrun, bàbá kan tún gbé e dé: "Tí dọ́là bá ti pé, àárọ̀ ọ̀la lohun ìjà máa dé. Ṣebí Amẹ́ríkà kàn sanwó ni, Javelin sì dé." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń mirí. Ó sú mi.

Mísáìlì tí ọmọ ogun ń gbé léjìká fi fọ́ táǹkì ni Javelin. Kó tó dé, mísáìlì kan tó ń jẹ́ Dragon làwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gbé léjìká lọ bá táǹkì. Ẹni tó bá yìn ín ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ojú ló máa fi darí rẹ̀ títí táá fi débi tó ń lọ, ọ̀tá sì ń wò ó. Lọ́dún 1986, wọ́n gbéṣẹ́ ohun tó máa rọ́pò Dragon fún ikọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́ta kí kálukú wá fi ọgbọ́n tiẹ̀ hàn: ọ̀kan lo iná lésà, ọ̀kan so okùn fáíbà mọ́ mísáìlì nídìí, ẹ̀kẹta fún un lójú tó ń rí ooru. Àwọn olójú yìí, Texas Instruments àti Martin Marietta, ló gbà á lọ́dún 1989. Oṣù 36 ni wọ́n dá fún wọn láti parí ẹ̀.

Ojú yẹn gan-an ló kó bá wọn. Awo kékeré kan ni, ojú wẹ́wẹ́ 64 níbùú, 64 lóròó, tó sì gbọ́dọ̀ tutù nini kó tó lè rí ooru táǹkì. Wọ́n á ṣe é, á bàjẹ́. Wọ́n á tún un ṣe, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa dáa níbẹ̀. Oṣù 36 di 54. Ọdún 1996 ni Javelin tó tẹ ọmọ ogun lọ́wọ́. Ẹ ṣírò ẹ̀ láti 1986.

Nígbà tí ogun Ukraine sì dé lọ́dún 2022, nǹkan bí 2,100 ni wọ́n ń ṣe lọ́dún. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn sọ pé káwọn tó gbé e dé 4,000, ó lè gbà tó ọdún méjì. Amẹ́ríkà ló ń rà á o, kì í ṣe èmi.

Ó dáa, owó lè mú un yá díẹ̀, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi ra ọjà fún ilé iṣẹ́. A sanwó páǹpù kan tán, kò ku kọ́bọ̀. Oṣù méje la fi dúró. Gbogbo Mọ́ńdè ni mò ń pè wọ́n, èsì kan náà ni: rọ́bà síìlì kan tí ò tó owó búrẹ́dì, ẹni tó ń rọ ọ́ ò tíì rọ ọ́. Nígbà tí páǹpù dé, wọ́n fi síìlì kan sínú ọ̀rá kékeré pé ká fi ṣe ìpààrọ̀. Kò tó àtàǹpàkò mi.