Gíà Tòkunbọ̀ Kọ́ Ló Máa Ń Bàjẹ́ Nígbà Gbogbo!

Ó ti sú mi! Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ bá èèyàn ra gíà ọtọmátíìkì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ ò rìn, ohun kan náà lẹ máa sọ: "Ọ̀gá, gíà yìí ò dáa, ẹ jẹ́ ká lọ pààrọ̀ ẹ̀." Ẹ ò tíì fa géèjì ọ́ìlì gíà wò!

Ọ́ìlì wo lẹ dà sí i? Ṣé torí pé ó ti pupa, ó ti tó náà nìyẹn? Gíà CVT, ìyẹn gíà ọtọmátíìkì tí kò ní ìpele, kì í mu ATF lásán, ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì tó wọ́pọ̀. Tọ́ọ̀kì kọnfátà, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà, ńkọ́? Tí kò bá tíì jókòó dé ìdí kẹ́ ẹ tó fi bóòtù fún gíà mọ́ ẹ́ńjìnnì, páǹpù ọ́ìlì inú gíà lẹ máa fọ́. Ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ, ọmọ Ládípọ̀ lẹ wá ń bú!

Kúlà tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù, tí èérún irin gíà àtijọ́ kún inú ẹ̀, ẹ ò fọ̀ ọ́. Wáyà sólẹ́nọ́ìdì, ìyẹn fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì nínú gíà, ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó ilé ìwé ọmọ wà nínú owó gíà yẹn o. Ẹ gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò wá, ẹ ka kóòdù àléébù tó bá gbé jáde, kẹ́ ẹ tó ní ká tún lọ mówó wá!