Èmi ò ṣe WAEC mọ́ o

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ọmọ ilé-ìwé nìkan ló ń ka ìwé Yorùbá?

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ mọ́tò n'Ílọrin, mò ń lọ kí màmá mi l'Ọ́mù-Àrán. Mo fa ìwé ìtàn kan, "Àjà Ló Lẹrù" tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, yọ nínú àpò. A ò tíì kọjá Gánmọ̀ tí arákùnrin tó fún mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi na ọrùn wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ tún WAEC ṣe ni?" Ìyá tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ fíìmù ọlọ́pàá àti olè lọkùnrin yìí ń wò lórí fóònù o! Ìtàn ọlọ́pàá àti olè gan-an ló wà lọ́wọ́ èmi náà, láti 1969 ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Mo mọ̀, ẹ ó ní Fágúnwà, tó kọ ìtàn iwin inú igbó, ni baba. Ó dáa, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò pàdé iwin rí lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Olè ni mò ń bẹ̀rù. Òkédìjí ló mú Lápàdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tó ní kó máa lé olè kiri. Kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bí ìwé níbẹ̀. Ìjà á ti gbóná, ọkàn mi á ti fò sókè, ẹnìkan á wá ju èébú kan sílẹ̀, n ó gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní gáréèjì ló ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, mo kà á sí màmá mi létí. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Èébú kan dé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi ń dànù lórí atẹ. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Ẹnu àwọn ará Ọ̀yọ́ yìí mà dùn o. Ta ni yóò wá kọ tiwa?"

Mo fẹ́ sọ pé Yorùbá kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ìgbómìnà ni wọ́n fi bi mí. Ọ̀rọ̀ wọn tí mo kọ sókè yẹn pàápàá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ tiwa sílẹ̀, ni mo bá yí i sí ti Ọ̀yọ́.