Irọ́ ni pé omi nìkan ló ń pa apẹja

Mo tún ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, láti ẹnu ẹni tí kò sùn nínú ọkọ̀ apẹja rí: "Apẹja kì í ṣàìsàn. Bí omi ò bá ti gbé e lọ, á gbó, á tọ́ ni." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n lórí òkun, mo sì mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń fi síni lára lẹ́yìn téèyàn bá ti gúnlẹ̀ láyọ̀.

Wọ́n á ní atẹ́gùn òkun mọ́, ẹja tútù ni apẹja ń jẹ, iṣẹ́ náà sì ń mú ara le. Atẹ́gùn wo? Èéfín dísẹ́ẹ̀lì là ń fà símú nísàlẹ̀ ọkọ̀. Láti ọdún 2012 ni IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ẹja tútù ò ní ká má fa èéfín náà símú.

Wọ́n á tún ní ká wo bàbá àgbàlagbà kan tó ṣì ń fa àwọ̀n. Òun ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀! Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́, wọn kì í pè é mọ́ tí ọkọ̀ bá tún fẹ́ gbéra. Ẹni tí apá rẹ̀ ò lọ sókè mọ́ ti wà nílé, ó ń wá iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ mọ̀ nípa èyí dáadáa: bó bá jẹ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan lẹ kà, àwọn alára líle lẹ máa rí, torí pé àwọn tí ara wọn ò gbà á mọ́ ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi ni ti ojú fúnra rẹ̀. Ní 1988, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin 838 tó ń pẹja, tó sì ń pa alákàn ní Chesapeake Bay, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Wọn ò kàn bi wọ́n bóyá oòrùn ń pa wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oníkálukú wọn ti wà lọ́mọ ọdún 16, wọ́n ṣírò ìtànṣán oòrùn tó ti wọ ojú rẹ̀, wọ́n sì ro ti fìlà àti awò ojú mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, ewu cataract, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí dígí inú ẹyinjú ṣú, irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dígí náà, fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ pọ̀ lára àwọn tí oòrùn wọ ojú wọn jù, ju lára àwọn tó wọ ojú wọn kéré jù lọ. Mo gbà pé wọn ò rí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ fún cataract tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ìyẹn ò ran ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ́wọ́.

Ẹ sì rántí pé lórí omi, oòrùn ń wá láti òkè, ó tún ń ta padà láti ìsàlẹ̀, níbi tí etí fìlà ò lè dí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Paul Gerson Unna, dókítà awọ ara ní Jámánì, ti kọ̀wé ní 1894 nípa awọ ara àwọn atukọ̀ tó ń di jẹjẹrẹ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Nordic, tí oòrùn ò ti fi bẹ́ẹ̀ mú, àwọn apẹja wà lára àwọn tí jẹjẹrẹ ètè ń mú jù.

Ti etí, ara mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí ariwo tó ń wọ etí òṣìṣẹ́ fún wákàtí 8 má kọjá 85 lórí ìwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní desibẹ́ẹ̀lì. Bí ariwo bá fi 3 lé, kí wákàtí náà dín kù sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yàrá ẹ́ńjìnnì ń kọjá 100. Òṣìṣẹ́ orí ilẹ̀ ń lọ sílé lọ sinmi. Ibùsùn tiwa wà lórí ẹ́ńjìnnì gan-an. Lónìí, mò ń gbọ́ ohùn èèyàn, ṣùgbọ́n ohùn "s" àti "f" ti sọnù fún mi. Wọ́n á ní kí n fọ nǹkan, màá gbọ́ pé kí n sọ ọ́, màá sì máa wo ẹnu wọn. Dókítà ní kò ní padà bọ̀ sípò mọ́.

Ọwọ́ ńkọ́? Mo ti bá àwọn tí ò tíì pé ogójì ọdún gbé inú ọkọ̀, tí ìka wọn kì í ká tí wọ́n bá jí. Wọ́n á ri ọwọ́ bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi ọwọ́ kan máa tẹ ìka èkejì wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó lè di okùn bàtà. Ẹni tó bá rí wọn ní òde á ní làkúrègbé ni, kò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á.

Àwọn tó ń ṣe alákàn àti edé nínú ọkọ̀ ojú omi tó dà bí ilé iṣẹ́ tún ní tiwọn: omi tó ń ta àti oru omi tó ń lọ sókè nígbà tí wọ́n bá ń sè é tàbí fọ́ ọ máa ń fa asímà, ó sì lè máà lọ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí apẹja kì í bá ṣàìsàn, kí ló dé tí Àdéhùn 188 tí ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ní 2007 fi ní kí àwọn tó ń lo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lójú omi ní ìwé dókítà tó sọ pé ojú àti etí wọn ṣe é ṣiṣẹ́, tí ìwé náà kò sì gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ? Kí ló dé tó fi ní kí wọ́n sinmi ó kéré tán wákàtí 10 nínú 24, àti 77 láàárín ọjọ́ 7? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì gba ẹ̀dà èsì rẹ̀ pa mọ́ sọ́wọ́ yín. Láìsí ìwé yẹn, àwọn tó gbà yín síṣẹ́ á ní bí etí yín ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.