Gíga kọ́ ló ń yọ píkọ́ọ̀pù nínú ẹrẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ó ti ń jẹ àwọn èèyàn wa lówó gan-an. Ẹni yòówù tó bá ra Hilux àtijọ́, tó fẹ́ tún un kọ́ kó lè máa wọ oko tàbí kó máa gba inú igbó, ohun àkọ́kọ́ tó máa bọ́ sí i lẹ́nu ni pé òun fẹ́ gbé e sókè. Mẹkáníìkì á ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ, wẹ́dà á ti máa wọn irin, àwọn ọ̀rẹ́ á ní tó bá ti ga tó sì wọ táyà gbàǹgbà, kò síbi tí ò ní gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gíga ní ibi tó ti wúlò, mo ṣì máa débẹ̀, àmọ́ ohun tó ń yọ mọ́tò nínú ẹrẹ̀ ni kí táyà di ilẹ̀ mú, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì máa tẹ ilẹ̀, àgbéjù sì máa ń ba méjèèjì jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò yín. Ibi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù ni dífù, irin rọ̀bọ̀tọ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Dífù yìí ò sí lára ṣásí, férémù irin tó gbé bọ́dì, o, ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ló wà, sípíríǹgì ló pín òun àti ṣásí níyà. Torí náà tẹ́ ẹ bá fi lííf (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò léra di sípíríǹgì) kún un, tàbí tí wẹ́dà bá ki bùlọ́ọ̀kù irin sáàárín, ṣásí lọ sókè, bọ́dì lọ sókè, dífù ò kúrò níbi tó wà. Ẹ sanwó íǹṣì 4, ẹ ò rí nǹkan kan gbà lábẹ́ dífù. Táyà nìkan ló lè gbé dífù sókè, ìdajì ló sì ń fún yín: táyà ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́ ga tó nǹkan bí íǹṣì 29, tẹ́ ẹ bá fi ti 33 rọ́pò ẹ̀, íǹṣì 2 péré ni dífù fi gòkè. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé mọ́tò gẹdú wọ ọ̀nà oko lásìkò òjò mọ ohun tí mò ń sọ, táyà gẹdú á ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á fi òkìtì sílẹ̀ láàárín, orí òkìtì yẹn ni dífù máa jókòó sí, ẹsẹ̀ á wá máa yí lásán nínú omi. Bọ́dì tó wà lókè réré ò lè ran yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Awakọ̀ tó mọ ọ̀nà ò tiẹ̀ ní bọ́ sínú ipa gẹdú, á gbé ẹsẹ̀ kan lé òkìtì àárín, á gbé ìkejì sí etí ọ̀nà, á sì rọra lọ.

Ibi tí gíga ti ń ṣiṣẹ́ ni imú mọ́tò, ìdí ẹ̀ àti ikùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun ibi tó dìde lójijì kí bọ́ḿpà má kọ́kọ́ gbá a, tàbí kẹ́ ẹ kọjá gegele kí ikùn má gbé lé e, íǹṣì 2 dára, mo fara mọ́ ọn. Ká gé bọ́ḿpà ẹ̀yìn tó gùn kúrú náà á ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, kò sì wọ́n.

Lẹ́yìn íǹṣì 2 yẹn, ewu ló ń pọ̀ sí i. Ohun méjì ló ń mú mọ́tò dúró: bí ẹsẹ̀ òsì ṣe jìnnà sí tọ̀tún, àti bí ìwúwo mọ́tò ṣe ga sí ilẹ̀. Àwọn tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ nìyẹn, wọ́n á mú ìdajì fífẹ̀ ẹsẹ̀, wọ́n á fi gíga ìwúwo pín in, bí ìwúwo bá ṣe ń ga sí i ni iye tó jáde ń kéré sí i, tí mọ́tò náà sì ń rọrùn láti dojú dé. Píkọ́ọ̀pù tiwa kì í sì í lọ lófìfo, àpò kòkó tàbí gààrí á kún ẹ̀yìn, géńdé mẹ́ta mẹ́rin á tún jókòó sórí ẹ̀, ọ̀nà á wá dagun sápá kan. Ẹ̀mí àwọn tó jókòó lórí àpò yẹn ni mò ń rò, kì í ṣe ẹwà mọ́tò.

Lííf tí wọ́n ń kó jọ sábẹ́ ẹ̀yìn náà tún wà ńbẹ̀. Wọ́n á bọ́ lííf lára mọ́tò míì tó wúwo jù, wọ́n á dì í pọ̀, mọ́tò á ga lóòótọ́, àmọ́ sípíríǹgì á le gbagidi débi pé ẹsẹ̀ ò ní lè sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò mọ́. Àwọn tí tiwọn ní torsion bar níwájú, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń lọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, tiwọn tún burú jùyẹn lọ. Nígbà tí Hilux fó-wíìlì (èyí tí ẹ́ńjìnnì lè gbé agbára lọ síwájú àti sẹ́yìn) kọ́kọ́ jáde ní 1979, àsù gbọọrọ kan, irin tó so ẹsẹ̀ òsì àti tọ̀tún pọ̀, lórí lííf ló wà níwájú, àwọn ti 1986 ni wọ́n fi torsion bar sí ní ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá lọ sókè sódò. Mẹkáníìkì á kàn fún bóòtù torsion bar mọ́ra, iwájú á dìde lójú ẹsẹ̀, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ti lo gbogbo àyè tó yẹ kó fi sọ̀kalẹ̀ tán, CV, oríkèé irin tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú, á máa yí ní igun tí wọn ò ṣe é fún, rọ́bà ẹ̀ á ya, gírísì á ṣàn jáde, iyanrìn á wọlé, ó parí.

Kí ló wá dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹsẹ̀ tó ń kan ilẹ̀? Torí ọ̀pọ̀ rò pé tí wọ́n bá ti ki fó-wíìlì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Dífù lásán, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ Hilux, iye agbára kan náà ló ń fún ẹsẹ̀ òsì àti tọ̀tún, ẹsẹ̀ tó bá sì rọrùn jù láti yí ló ń pinnu bí agbára yẹn ṣe máa pọ̀ tó. Tí ọ̀kan bá wà lófuurufú, agbára tó gbà ò tó nǹkan, èkejì tó dúró sórí ilẹ̀ gidi, ìwọ̀nba yẹn náà ló máa rí gbà. Ẹ ò rí i pé mọ́tò gíga tó le gbagidi, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè ní gbogbo kòtò, ó fọwọ́ ara ẹ̀ sọ fó-wíìlì di ẹsẹ̀ kan iwájú ẹsẹ̀ kan ẹ̀yìn tó ń yí lásán.

Dífù tó ní lọ́ọ̀kì lowó yín yẹ kó lọ sí. Tẹ́ ẹ bá ti ti lọ́ọ̀kì yẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa yí pọ̀, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á fà yín jáde bí ìkejì bá tiẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá lọ Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Araromi ní Agodi Gate n'Íbàdàn, láti wá dífù tòkúnbọ̀, ẹ bèèrè èyí tó ní lọ́ọ̀kì láti kọ́ńpìnnì, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná, tó ń ti lọ́ọ̀kì náà, ṣì wà lára ẹ̀, torí wọ́n máa ń tú u tà lọ́tọ̀. Ẹ sì ka eyín kíráùn àti píníọ̀nù ẹ̀, jíà ńlá àti kékeré inú dífù, kẹ́ ẹ fi ti kékeré pín ti ńlá, kó bá tiwájú mu. Tí iwájú bá jẹ́ 4.10 tí ẹ̀yìn jẹ́ 4.56, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ki fó-wíìlì lórí ilẹ̀ líle ni wọ́n máa fa ara wọn ya. Ẹ yí lọ́ọ̀kì padà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débi tẹ́ ẹ ti máa kọ́nà lórí títì o, mọ́tò tó wà ní lọ́ọ̀kì kì í fẹ́ kọ́nà.

Èyí tó wá dùn mí jù, torí kò náni ní nǹkan kan, ni afẹ́fẹ́ inú táyà. Àwọn èèyàn á fẹ́ táyà le bí òkúta, wọ́n ní kó má baà jò, wọ́n á wá bọ́ sínú iyanrìn tàbí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ pẹ̀lú 40 psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe le tó), táyà á gbẹ́ kòtò fún ara ẹ̀ ni. Ẹ jò ó wálẹ̀ sí 18 tàbí 20, ojú táyà tó kan ilẹ̀ á gùn sí i, ìwúwo mọ́tò á tẹ́ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀, rọ́bà á sì lè lọ́ mọ́ gbòǹgbò àti òkúta. Mọ́tò kan náà, awakọ̀ kan náà, ibi tó ti rì tẹ́lẹ̀ á gbà á kọjá. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 15 lórí rímù lásán, táyà lè bọ́ lára rímù, ẹ rọra sáré, ẹ má gbá kọ́nà, kẹ́ ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì, torí fọ́kánáísà kì í sí nínú igbó, táyà tó rọ̀ tó bá sáré lórí títì á gbóná títí á fi bẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Hilux tó lọ sí North Pole ńkọ́, ṣebí táyà ńlá ló wọ̀. Òótọ́ ni, ní 2007 Arctic Trucks ti Iceland tún Hilux ṣe, àwọn ará Top Gear, ètò tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wà á dé ibi tí magnetic North Pole (ibi tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí) wà ní 1996, táyà íǹṣì 38 ló wọ̀. Àmọ́ bí àwọn ará Iceland ṣe ń ṣe é ni wọ́n máa ń gé fẹ́ńdà kí táyà ráyè wọlé, kí wọ́n má baà gbé mọ́tò sókè púpọ̀, wọ́n á wá jo afẹ́fẹ́ wálẹ̀ di psi mélòó kan péré kó lè máa léfòó lórí yìnyín. Yìnyín nìyẹn. Ẹrẹ̀ tiwa tó ní ilẹ̀ líle nísàlẹ̀, táyà tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gé e dé ibi líle, ìdí nìyẹn tí Land Rover àtijọ́ àti Land Cruiser 70 tí wọ́n ń lò nínú igbó fi ń wọ 7.50-16, ìyẹn táyà tó fẹ̀ tó íǹṣì 7.5 lórí rímù íǹṣì 16.

Táyà ńlá tún ní owó tó ń jẹ lẹ́yìn. Láti 29 sí 33, dífù 4.10 yín á máa ṣe bí 3.60, jíà kìíní á ga jù, mọ́tò ò ní lè rọra fà mọ́ lórí òkè, kílọ́ọ̀ṣì lẹ ó máa jó. Tí mítà bá ka 100, ó ti lé ní 110 tẹ́ ẹ ń sá. Kẹ́ ẹ tó gba agbára ìfà yẹn padà, kíráùn àti píníọ̀nù tuntun níwájú àti lẹ́yìn ni.

Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó dé gbogbo ìyẹn rárá, ṣásí. Píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó ti ìlú yìnyín wá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ti jẹ irin ẹ̀ látinú. Ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún yìí le débi pé ní 2016 Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí mọ́tò wọn Tacoma, Tundra àti Sequoia, owó tí wọ́n fojú díwọ̀n ẹ̀ tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ibi tí lííf ti so mọ́ ọn, ibi tó bá ń dún bọ̀ǹ bọ̀ǹ ẹ ní kí wẹ́dà gé e kúrò kó fi irin tuntun sí i, kó má kàn lẹ̀ ẹ́ lókè. Ẹ má gba kí ẹnikẹ́ni gbé bùlọ́ọ̀kù lé ṣásí tó ti dógùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé tiyín sókè, ẹ fi jáàkì gbé ṣásí kí ẹsẹ̀ máa rọ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì lọ sẹ́sẹ̀ bóyá ó ti na tán. Lẹ́yìn náà ẹ wá fáàfù bíréèkì kan lókè àsù ẹ̀yìn tí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ àsù. Iṣẹ́ fáàfù yẹn ni kó mọ̀ bóyá ẹrù wà lẹ́yìn: tí ẹ̀yìn bá wálẹ̀, á fún bíréèkì ẹ̀yìn lágbára, tó bá ga á dín in kù. Píkọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ gbé sókè, òfìfo ló máa ń rò pé ó wà, bó tilẹ̀ kún fún àpò, bíréèkì ẹ̀yìn ò ní mú dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Kí mẹkáníìkì gbé ojú ìdè ọ̀pá yẹn sókè ní iye íǹṣì tẹ́ ẹ fi gbé mọ́tò, kó sì wọn bíréèkì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó gbé èrò.