Ọnọ́rébù kọ́ ló ni kátapílà o, ẹ jọ̀ọ́

Ta ló sọ fún wa ná pé iṣẹ́ aṣòfin ni kó wá da ọ̀dà sójú títì? Mo ti ní mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n kan nínú WhatsApp CDA àdúgbò wa ní Ìkòròdú níbí tún ju fọ́ìsì gígùn sílẹ̀ láàárọ̀ àná. Ọnọ́rébù fi ìròyìn ọ̀sẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, àbá òfin tí wọ́n kà, ìgbìmọ̀ tó jókòó, kọmíṣọ́nnà tí wọ́n pè wá wí tẹnu ẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ̀gbọ́n wa ò kà á dé ìdajì kí wọ́n tó ní "kí la fẹ́ fi eléyìí ṣe, owó títì wa wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó lọ ṣe títì, gírámà ò dí kòtò." Ká tó ṣẹ́jú, àtẹ́wọ́ ti kún ibẹ̀, "ẹ ṣeun sà", "òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ." Òótọ́ wo?

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, wọ́n ti ń gbé àdúgbò yìí kí n tó dé, àmọ́ irọ́ lọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n dìídì pa á o, irọ́ tí gbogbo wa jọ gbé mì ni, pé àpò owó kan wà tí wọ́n ń kó fún aṣòfin fún títì, gọ́tà àti tíránsífọ́mà, tí títì ò bá ti wá, á jẹ́ pé ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Abala 81 ní Ààrẹ ló máa ṣètò bọ́jẹ́ẹ̀tì gbé wá fún àwọn aṣòfin l'Ábújá, abala 121 sọ ohun kan náà nípa gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Àwọn aṣòfin á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gé ibì kan, wọ́n á fi kún ibì kan, wọ́n á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lowó ń lọ, àwọn ló ń pe agbaṣẹ́ṣe, àwọn ló ń sanwó fún un. Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n di owó títì fún Ọnọ́rébù kó gbé e lọ sílé.

Ṣé ìyẹn wá ní aṣòfin ò lágbára lórí owó ni? Ó lágbára dáadáa, ibi tí agbára yẹn wà gan-an là ò kì í wò. Bọ́jẹ́ẹ̀tì Èkó ti 2025, tíríliọ̀nù 3.005 náírà ni Gómìnà Sanwo-Olu gbé lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní oṣù kọkànlá 2024. Ìgbà tí ilé fi máa parí iṣẹ́ lórí ẹ̀ ní oṣù kìíní 2025, ó ti di tíríliọ̀nù 3.366. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, bíi bílíọ̀nù 360 ló gorí ẹ̀ láàárín ìgbà tí wọ́n gbé e dé àti ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i! Àsìkò yẹn gan-an ni títì yín ń wọ inú ìwé tàbí kó já bọ́. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi wà lórí ẹ̀, kí là ń béèrè lọ́wọ́ Ọnọ́rébù? Ìrẹsì Kérésì.

Títì pàápàá, olówó orí ẹ̀ yàtọ̀ síra. Títì Ìkòròdú sí Ṣágámù tí à ń torí ẹ̀ bú aṣòfin ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín látilẹ̀, ẹni tí ẹ dìbò fún pé kó lọ jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní Aláùsá ò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Títì inú àdúgbò, gọ́tà, ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú, ìdọ̀tí kíkó, gbogbo ẹ̀ wà nínú àfikún kẹrin ìwé òfin kan náà, iṣẹ́ káńsù ni. Ní Ìkòròdú nìkan, tí ẹ bá ka àwọn LCDA, ìyẹn àwọn káńsù kéékèèké tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, mọ́ ọn, káńsù mẹ́fà ló wà níbẹ̀: Ìkòròdú fúnra ẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìmọ̀ta, Ìgbógbò-Bàyékù àti Ìjẹ̀dẹ̀. Alága mẹ́fà pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ẹ̀, Ọnọ́rébù ṣáá la mọ̀ ọ́n bú. Gọ́tà iwájú ilé wa tó kún fún ike àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀dọ̀ Ọnọ́rébù làwọn àgbà àdúgbò ń kọ lẹ́tà lọ ṣáá, èsì ò dé, ìgbà tí màmá tó ń ta ẹ̀wà ní ìkòríta ya fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ bá àwọn oníṣẹ́ káńsù lọ́fíìsì lẹ wá rí àwọn tó gbé ṣọ́bìrì dé.

Ẹ wo àwọn èèyàn wa ní Badagry náà. Títì Èkó sí Badagry, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ìjọba Èkó nígbà tí Fáṣọlá jẹ́ gómìnà ló gbé e lọ́dún 2009 pé àwọn fẹ́ fẹ̀ ẹ́ di ọ̀nà mẹ́wàá. Ẹ ka iye aṣòfin tó ti lọ tó ti bọ̀ láti ìgbà náà. Tó bá jẹ́ àpò Ọnọ́rébù ni títì ti ń jáde, ṣebí ìgbà ìbò kan ti tó láti parí ẹ̀!

Àmọ́ ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni "gírámà" tí ẹ̀gbọ́n wa pè é. Ẹni tó bá ní àbá òfin ò kan òun, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún má tíì háyà ilé rí ni. Ní 2011, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ṣe òfin ilé gbígbé, Fáṣọlá sì buwọ́ lù ú. Ohun tó wà nínú ẹ̀ rèé: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba ilé, wọn ò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé tẹ́lẹ̀, tó bá jẹ́ oṣooṣù ló ń san, wọn ò gbọdọ̀ gba ju ti oṣù mẹ́fà, tó bá jẹ́ ọdọọdún, wọn ò gbọdọ̀ gba ju ti ọdún kan. Ẹni tó gba jù bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, ẹni tó san jù bẹ́ẹ̀ náà jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni o, ìwọ tó o san ọdún méjì, òfin mú ìwọ náà mọ́ ọn, owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ nínú ẹ̀, àwọn olówó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn, àmọ́ kò yọ Ìkòròdú sílẹ̀, kò yọ Ẹ̀pẹ́, kò yọ Badagry.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ gba rúùmù àti pálọ̀ kan ní Àgríkì, ẹ́jẹ́ǹtì ní ọdún méjì ni àwọn ń gbà, ó wá to agíríméǹtì, kọmíṣọ́ọ̀nù àti dámééjì tẹ̀lé e lẹ́yìn páálí sìgá kan, ó fa ìlà sídìí ẹ̀, ó ní àròpọ̀ ẹ̀ rèé. Mo lọ tẹ òfin yẹn jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Sábo, mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ abala kẹrin, mo gbé e fún un. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "bọ̀ọ̀dá, òfin Aláùsá nìyẹn, Ìkòròdú la wà yìí." Mo ní kò burú, kó mú wa lọ bá láńlọ́ọ̀dù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá yẹn, wọ́n gbé gíláàsì sójú, wọ́n kà á tán, wọ́n tún padà sókè lọ kà á, wọ́n wá kọjú sí ẹ́jẹ́ǹtì, "ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé mi dé kóòtù lọ́jọ́ ogbó mi ni?" Ọdún kan la san. Owó ọdún kejì tí àbúrò mi ì bá kó fún wọn, ara ẹ̀ ló fi ra máṣíìnì ìránṣọ tó ń fi jẹun dòní.

Ta ló wá ṣe ìyẹn fún un? Àwọn tó jókòó jiyàn lórí àbá òfin ọjọ́ sí ni, láìsí kátapílà, láìsí fọ́tò ẹnikẹ́ni lára pátákó. Ẹ máa sọ pé ọ̀pọ̀ láńlọ́ọ̀dù ò tẹ̀lé òfin yẹn. Mo mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa tẹ̀lé e nígbà tí ayálégbé fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé ó wà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ sí apá Ìmọ̀ta àti Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ mọ owó fáńdéṣọ̀n àti owó dẹ́kìn tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń dúró dè. Ilé ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló ṣe òfin tó dojú kọ wọn, 2016, Ambode tó jẹ́ gómìnà nígbà náà ló buwọ́ lù ú, fífi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ àti títa ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ẹ̀wọ̀n ló wà ńdìí ẹ̀. Ẹ tún rántí 2018 tí owó Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé àti ilẹ̀, fò sókè tí gbogbo Èkó fi ariwo bọnu títí ìjọba fi gé lára ẹ̀? Ìgbà tí òfin ti jáde tán la tó ń pariwo o. Àbá ni kó tó di òfin, kíkà mẹ́ta sì ni àbá òfin máa ń gbà kọjá, a ò rí i nígbà náà torí a ò kì í ka ìròyìn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́.

Tí títì bá sì bàjẹ́, aṣòfin ní ohun tó lè ṣe sí i. Abala 128 fún ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ lágbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ń náwó ìjọba, abala 88 fún àwọn tó wà l'Ábújá, kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfowóṣòfò. Wọ́n lè pe kọmíṣọ́nnà, wọ́n lè pe agbaṣẹ́ṣe, kó gbé ìwé wá, kó sọ iye tó gbà àti ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ohun tó yẹ ká máa bi Ọnọ́rébù nìyẹn, pé ta lo pè, kí ló sọ. Ẹni tá à ń bi ní kátapílà, inú ẹ̀ ń dùn ni, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi gíréèdà ha ojú títì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ìbò, a ò ní béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó lòun la ẹnu nínú ilé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní "constituency project ńkọ́, iṣẹ́ tí aṣòfin máa ń yàn fún àdúgbò ẹ̀?" Ó wà, mi ò sẹ́. Àmọ́ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, iléeṣẹ́ yẹn ló ń gbé iṣẹ́ jáde, aṣòfin ló kàn sọ pé ibí ni kí ẹ gbẹ́ bóhóòlù sí. Kì í ṣe pé mo ní gbogbo wọn ló mọ́ o. Buhari fúnra ẹ̀ sọ ọ́ ní 2019 pé tíríliọ̀nù kan náírà ló ti wọlé síbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá tí aráàlú ò sì rí ohun tó tó o, ọdún yẹn náà ni ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ àwọn iṣẹ́ yẹn tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kan sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ti pa tì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa bá agbaṣẹ́ṣe pín in lẹ́yìn ilé, mi ò sí níbẹ̀. Ìyẹn náà ò sọ pé wọ́n kó owó títì fún wọn.

"Ṣebí òun ló ṣèlérí títì nígbà ìbò." Ó ṣèlérí, irọ́ ló pa. Ẹnì kan nínú 40 ní Aláùsá, ẹnì kan nínú 360 l'Ábújá, títì wo ló fẹ́ dá ṣe? "Ọnọ́rébù àná ṣe títì wa." Ẹ lọ wo ìwé iléeṣẹ́ tó sanwó fún un ná ká tó máa jiyàn.

Mo ti jókòó síbi ìpàdé tí wọ́n ti ń gba èrò aráàlú lórí àbá òfin rí ní Aláùsá. Àwọn lọ́yà àti àwọn tó ṣojú iléeṣẹ́ ńláńlá ló kún iwájú, fáìlì lọ́wọ́, oníkálukú mọ ìlà tó fẹ́ kí wọ́n yí padà. Lẹ́yìn níbi tó yẹ kí irú wa jókòó sí, àga ló pọ̀ ju èèyàn lọ. Ẹ wá ń yà á lẹ́nu pé òfin ń gbè sẹ́yìn àwọn kan.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí Ọnọ́rébù bá fi fọ́tò ìsìnkú, ọjọ́ ìbí ọba àti àpò ìrẹsì ránṣẹ́ tó pè é ní ìròyìn iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ bínú, kẹ́ ẹ ju fọ́ìsì gígùn, mo máa pàtẹ́wọ́ fún yín. Èyí tó bá ní àbá òfin nínú, ẹ kà á, kẹ́ ẹ bi í pé kíkà ẹlẹ́ẹ̀melòó ló wà, ìgbìmọ̀ wo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n máa gba èrò aráàlú, ìhà wo lòun fúnra ẹ̀ dìbò sí. Àbá òfin tuntun lórí ilé gbígbé ti dé iwájú ilé yẹn ní 2025, owó ẹ́jẹ́ǹtì sì wà lára ohun tó kàn. Ẹ bi í ibi tó bá a dé, lónìí yìí, nínú WhatsApp kan náà.